Bí Orísun Ìyá Afí Ṣe Já Ìwé Mi Nírọ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Mo lọ, mo sì bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni mo rí ní Tógò tí ojú mi fi ń dán tó báyìí. Àwọn kan ní mo sanra. Àwọn kan ní ó dà bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó fi mí joyè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin àgbàlagbà kan tí kò mọ̀wé kà dìde láàárín èrò, ó sì fi ìbéèrè mélòó kan tú ìwé tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ palẹ̀. Èyí gan-an ni mo fi ń yangàn. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, orúkọ mi ni Olúrẹ̀mí, iṣẹ́ omi sì ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ omi wò: omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi odò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ìwé ìtàn àròsọ kan. Nínú rẹ̀, àìsàn kọ lu ìlú kan, wọ́n wá rán ọkùnrin méjì lọ sí òpin ayé kí wọ́n lọ bu omi ìwòsàn wá. Ọ̀kan ń jẹ́ Gbàágbọ́, èkejì ń jẹ́ Wádìí. Wọ́n la igbó kọjá, wọ́n bá ẹranko jà, wọ́n gun òkè tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì dé ibi orísun náà níkẹyìn. Gbàágbọ́ kúnlẹ̀, ó mu omi náà láìbéèrè ohunkóhun, ó sì kú. Wádìí se tirẹ̀ lórí iná kó tó mu ún, ó gbé e délé, ìlú sì yè.

Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ pé inú ń bí ẹni tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ìgbẹ́ gbuuru kọ lu àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́. Ìyá wa kò gbé e lọ sí ọsibítù. Omi odò kan tí wọ́n ti gbàdúrà sí ló ń fún un mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì mì rárá. Àbẹ̀kẹ́ kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá wa náà ti lọ báyìí, a kò sì sọ̀rọ̀ yẹn tán kó tó lọ. Ìwé yẹn ni mo fi sọ ìyókù.

Nílé níbí, ìwé náà kò rìn jìnnà. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo ń sọ. Mo ti ń gbàgbé pé mo kọ ọ́ nígbà tí ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Atakpamé. Ó ní tíṣà lòun, Kójó ni orúkọ òun, èdè Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò sì ni èdè ìyá òun. Ó ní òun ti fi ìwé mi kọ́ ara òun ní Yorùbá kíkà, pé òun ti ń tú u sí Ifẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ òun. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Tàǹtí, àwọn èèyàn wa ń jà nítorí orí ìkẹyìn. Ẹ wá fúnra yín."

Ẹ gbọ́ mi, èèyàn ń jà nítorí ìwé mi! Mo di ẹrù mi.

Ohùn láti yàrá kejì

Àárín òkè ni Atakpamé wà. Ilé wà lókè, ilé wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ yóò gbé orí sókè tàbí kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ọ̀kadà, tí àwọn ń pè ní sẹ́mì, ló gbé mi dé Agbonou níbi tí Kójó ń gbé. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta iṣu àti ata lẹ́bàá títì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì dúró.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà nínú yàrá, tí ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ohùn náà yé ọ, ìgbésókè rẹ̀ yé ọ, àmọ́ o kò tíì gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbọ́ "omi". Mo gbọ́ "ọmọ". Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí n kò mọ̀, mo tún gbọ́ ọ̀kan tí ìyá mi àgbà máa ń sọ, tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ nílé wa. Nígbà tí mo kí wọn, gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Anagó ni!" ni ọ̀kan nínú wọn sọ. Ohun tí wọ́n ń pe àwa ará Nàìjíríà tó ń sọ Yorùbá nìyẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí Kójó fi dé.

Kójó kò tíì pé ogójì ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ gíláàsì, ó sì ń rìn bí ẹni tó pẹ́ dé iléèwé. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó fi Faransé dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn lórí fóònù, ó fi Ewé bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀, ó fi Ifẹ̀ dágbére fún àwọn obìnrin náà, ó wá fi Yorùbá inú ìwé mi kí mi. Yorùbá rẹ̀ mú mi rẹ́rìn-ín, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ bíi Wádìí. Ojú tì mí díẹ̀ pẹ̀lú. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, èdè méjì péré ni mo mọ̀, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù Atakpamé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ni "mèsì", ìyẹn ẹ ṣé, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn àti ewúrẹ́.

Fùfú

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àblá ìyàwó Kójó ní fùfú ni òun fẹ́ fi ṣe mí lálejò. Inú mi bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti fùfú kì í bára wa jókòó. Mo dúpẹ́, mo ní kó má ṣe wàhálà, pé inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dá. Ó wò mí, ó lọ sẹ́yìn ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró odó. Ta ló ń gún fùfú? Mo dìde, mo lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣu ni, iṣu funfun tó ń yọ ooru! Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ń gún un, ọ̀kan ń gbé ọmọ odó sókè bí èkejì ṣe ń jù ú sílẹ̀.

"Àblá, iyán lèyí!"

"Fùfú ni, Tàǹtí."

"Iyán ni!"

"Inú yín ti wá dá?"

Mo jẹ òkèlè ńláńlá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tí ata rẹ̀ mú omi jáde lójú mi, mo sì tún gbà sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó sídìí oúnjẹ, Àblá á béèrè pé ṣé inú mi dá. Irú àwàdà wọn nìyẹn, wọ́n á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gún ọ, wọn kò ní rẹ́rìn-ín títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kó àga jáde sábẹ́ igi máńgò. Àwọn ará ìjọ Àgùdà wá, àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì wá, àwọn àgbẹ̀ kan sì wá láti ọ̀nà Akparé, tí wọn kò sí nínú ìjọ kankan. Kójó ka orí ìkẹyìn ìwé mi ní Ifẹ̀. Mo ti ń gbọ́ èdè náà díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí Gbàágbọ́ ṣubú lẹ́bàá orísun, obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ ò mọ bí ó ṣe rí kí èèyàn jókòó sí ilẹ̀ àjèjì kí ọ̀rọ̀ tí ó kọ nínú kíṣìnnì rẹ̀ máa ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹríba.

Nígbà náà ni obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ga, ó gbẹ, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó bọ́ bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró lórí ilẹ̀ lásán kó tó lanu.

"Ìyá Afí ni," Kójó rọra sọ sí mi létí. "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun ló ń tọ́jú orísun abúlé wọn."

Ìyá Afí kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ Anagó, ta ló pa Gbàágbọ́?"

"Omi ni, Ìyá."

"Báwo ni o ṣe mọ̀?"

"Ó mu ún, ó sì kú."

"Oṣù mélòó ló fi rìn kó tó débẹ̀?"

"Oṣù méje."

"Kí ló jẹ lọ́jọ́ tó kú?"

N kò kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní n kò mọ̀.

"Ejò bù ú jẹ lójú ọ̀nà, àbí etí mi ló ṣì gbọ́?"

"Ẹ kò ṣì gbọ́, mà."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ó fi oṣù méje rìn, ejò bù ú jẹ, ìwọ tó bí i kò mọ ohun tó jẹ. Ẹni tó ń jẹ́ Wádìí yìí wà níbẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ omi náà wò?"

Mo mọ ibi tó ń lọ, mi ò sì lè dá a dúró.

"Kò yẹ̀ ẹ́ wò," ni mo wí.

"Ó rí òkú, ó ní omi ni. Èmi ò rí ìwádìí kankan níbẹ̀. Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ilé ló gbà gbọ́. Òun àti èkejì rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ èsì tí kò fojú ara rẹ̀ rí. Ogún ọdún! Àwọn tó ka ìwé mi nílé kà á, wọ́n ní ó dùn, wọ́n kọjá. Obìnrin yìí ló kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n mi. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná, síbẹ̀ ohun kan ń dìde láyà mi lábẹ́ ìtìjú náà, ohun náà sì ni ìyangàn. Èdè wa ló fi ṣe é. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yé mi, ẹnì kankan kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Omi àlejò

Lójú ọ̀nà bí a ṣe ń lọ sí abúlé Ìyá Afí lọ́jọ́ Ajé, Kójó ló ṣàlàyé ìdí tí ìjà náà fi le. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Nígbà òjò tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá. Ẹ̀sí, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta, kò rù ú là. Yáwò, ọmọ Ìyá Afí, ni bàbá rẹ̀. Yáwò ń bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣiṣẹ́, ó sì gbà pé omi orísun ìyá òun ló pa ọmọ òun. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìyá rẹ̀ mọ́. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ti ní kí wọ́n dí ọ̀nà orísun náà pa. Ọjọ́rú ni abúlé yóò pàdé lórí rẹ̀.

"Yáwò ló fẹ́ràn ìwé yín jù," ni Kójó sọ. "Ó ní òun ni Wádìí."

Nígbà tí a dé, Ìyá Afí gbé omi wá fún wa nínú igbá, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Kò sí ẹni tó máa bi àlejò ní ohunkóhun kó tó mu omi. Mo gba igbá náà. Ìkòkò tó ti bu ú wà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ìdérí. Mo rántí Ẹ̀sí. Mo fi ètè kan omi náà, mo sì dá igbá padà.

"O kò mu ún," ni ó wí.

"Ìyá, mo…"

"Má purọ́ fún mi. Ọmọ mi náà kì í mu ún. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kójó ní o mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ omi wò. Ohun tí o fi ń ṣe é wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó wà lọ́wọ́ mi. N kì í rìnrìn-àjò láìmú u dání. Ìgò kéékèèké ni, a ti fi oògùn sínú wọn. Bí o bá rọ omi sí i, á ní àwọ̀ bíi tíì tí kò ki. Bí ìdọ̀tí láti inú ìgbẹ́ èèyàn tàbí ti ẹran bá wà nínú omi náà, láàárín ọjọ́ kan sí méjì á di dúdú bí èédú. Ọmọdé pàápàá lè ka èsì rẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

"Kí lo wá jókòó dè?"

Mo ní, "Ìyá, tí ó bá wá burú ńkọ́?"

Ó ní, "A jẹ́ pé ohun burúkú ni mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí ìyá mi ti fi lé mi lọ́wọ́. Ṣé kí n máa tọ́jú rẹ̀ lọ ni? Òrìṣà tó bá ń sá fún ìgò, kí ló lè ṣe fún mi?"

Ìgò mẹ́fà

A bọ́ bàtà kí a tó gun ibi orísun náà. Òfin rẹ̀ nìyẹn. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko lókè rẹ̀, wọn kì í fọ aṣọ níbẹ̀, ọwọ́ kì í kan ojú omi. Inú àpáta ló ti ń jáde sínú ọpọ́n oparun, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣàn sínú agbè tí wọ́n fi ń pọn omi. Ó tutù, igi bò ó mọ́lẹ̀. Mo rọ omi kún ìgò méjì níbẹ̀.

Yáwò wá bá wa nísàlẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ka ìwé mi, òun mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti sin ọmọdé rí. Mo sọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ fún un, ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún pípẹ́. Ó mú mi lọ wo kànga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó sì fi símẹ́ǹtì yí ẹnu rẹ̀ ká dáadáa. Láti ọdún mẹ́ta ni ìdílé rẹ̀ ti ń mu ún. Ilé ìgbẹ́ wọn wà lókè kànga náà, kò tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ojú mi rí i. Kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo rí i, ọkàn mi sì sáré gbójú kúrò níbẹ̀. Mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí ìgò orísun di dúdú, mo fẹ́ ẹ gidigidi.

Mo rọ omi kànga kún ìgò kan, mo rọ ti kẹ́ẹ̀gì ilé Yáwò kún ọ̀kan, mo rọ ti ìkòkò Ìyá Afí kún ọ̀kan, mo sì fi omi tí a sè sínú ìkẹfà, kí gbogbo èèyàn lè rí bí omi tó mọ́ ṣe máa ń rí. A tò wọ́n sórí tábìlì kan níwájú ilé Ìyá Afí. Kójó kọ orúkọ sára wọn.

Ìyá Afí gbé àga jókòó tì wọ́n. Ó ní òun kò ní kúrò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí Yáwò gbọ́, òun náà gbé àga tirẹ̀ wá. Bí ìyá àti ọmọ ṣe jókòó nìyẹn, tábìlì wà láàárín wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá Afí ń pa ẹ̀pà. Yáwò ń wo ilẹ̀. Èmi àti Kójó ń ṣe bí ẹni ń kàwé.

Ìyá Afí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ méjèèjì ni Ẹ̀sí fi máa ń bu omi nínú ìkòkò mi. Mo ra ife fún un, kò lò ó."

Yáwò kò gbójú sókè. "Nílé náà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe."



Ọjọ́rú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgò kànga ti dúdú. Ìgò kẹ́ẹ̀gì Yáwò náà ti dúdú. Ìgò méjì orísun mọ́ bíi ti ìgbà tí mo rọ omi sí wọn. Yáwò ní ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ kàn yára ni, kí á dúró. Mo ní òótọ́ ni, kí á dúró. Mo ń bá a retí. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun máa fi ṣú, ìgò ìkòkò Ìyá Afí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn nísàlẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tí abúlé pé, ó ti dúdú pátápátá. Ìgò orísun méjèèjì àti ìgò omi tí a sè kò yí padà.

Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo dúró níwájú wọn, Kójó ń túmọ̀ níbi tí ẹnu mi bá ti kọ́. Mo ní omi orísun mọ́. Mo ní àwọn òfin tí wọ́n ń pa mọ́ níbẹ̀ ló jẹ́ kó mọ́. Mo ní omi kànga kò mọ́, ilé ìgbẹ́ sún mọ́ ọn jù. Mo ní omi orísun kan náà tó mọ́ ní àpáta ti bàjẹ́ nígbà tó dé inú ìkòkò tí kò ní ìdérí, tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀.

"Kí ló pa ọmọ mi?" Yáwò ti dìde.

Mo ní, "Yáwò, ìgò kò sọ ìyẹn. Omi ọ̀sẹ̀ yìí ni mo yẹ̀ wò. Mi ò yẹ omi ọjọ́ yẹn wò. Mi ò mọ̀, mi ò sì ní méfò."

"Kànga mi…" Ó nawọ́ sí ìgò kànga. "Mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ ẹ nítorí àwọn ará ilé mi."

Ìyá rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó lè sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé, ìwọ tó fẹ́ dí orísun mi. Èmi ì bá sọ ọ́. Odidi ìwé ni mo fi sọ ọ́ fún ìyá tèmi. Ìyá Afí dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ kan gbé ìgò Yáwò, ó fi ọwọ́ kejì gbé tirẹ̀, ó sì gbé wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Wò ó," ni ó wí fún un. "Tèmi náà dúdú. Àwọn ìyá wa ní a kì í fi ìdérí dé omi orísun, kó lè máa mí. Ìyá mi sọ ọ́, mo gbà á, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ mi ni Ẹ̀sí ti mu omi, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti mu omi. Kò sí ẹni tó máa dá gbé e nínú wa."

Yáwò wá, ó fi orí sí èjìká ìyá rẹ̀. Ọkùnrin gíga, ó ní láti tẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ìyá Afí kò lè dì í mú, nítorí ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó kù

Wọn kò dí ọ̀nà orísun. Àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n fi òfin mẹ́ta kún òfin orísun: kí omi tó bá dé ilé ní ìdérí, kí wọ́n máa fi ife onígi gígùn bù ú kí ọwọ́ má bàa kàn án, kí wọ́n se omi ọmọdé. Ìyá Afí fúnra rẹ̀ ló ké òfin náà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bí òfin orísun. Yáwò àti àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilé ìgbẹ́ tuntun sí ìsàlẹ̀, jìnnà sí kànga. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí i tó jókòó nílé ìyá rẹ̀, tó ń jẹ iyán tí wọ́n ń pè ní fùfú.

Èmi gun orísun lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ. Mo bọ́ bàtà, mo gba omi láti ẹnu oparun, mo mu ún títí inú mi fi kún. Mo rántí ìyá mi níbẹ̀. N kò sọ pé ohun tó ṣe dára, n kò sì ní sọ ọ́. Àmọ́ n kò mọ ohun tó wà nínú omi odò yẹn, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún Kójó pé kó fi orí ìkẹyìn ìwé náà sílẹ̀ ná, pé Wádìí ní láti padà síbi orísun.

Mo kó gbogbo ìgò tó ṣẹ́kù fún Ìyá Afí. Ó kà wọ́n, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó bi mí léèrè ẹ̀ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe ń rọ omi sí i, títí ó fi dá a lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí Kójó fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní ọjọ́ ọjà ní Elavagnon ni, pé kí n kàn gbọ́. Mo gbé fóònù sí àárín tábìlì. Ariwo ọjà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan tí kò pariwo, tó ń sọ̀rọ̀ ní Ifẹ̀ fún àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Ìkòkò tèmi gan-an ló dúdú. Ẹ bu omi yín wá, ẹ jẹ́ kí a wò ó. Bí ó bá mọ́, ẹ ó yọ̀. Bí kò bá mọ́, ẹ óò ti mọ̀."

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kóra jọ. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ta nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀gá mi ni."